Yíyan ráútà Wi-Fi fún géèmù àti fídíò nínú ilé: ìbéèrè àti ìdáhùn

"Èwo ló yára jù?" Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ráútà bá délẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ráútà ṣe, tèmi àti tàwọn ẹbí, mo sì ti rí i pé ìyára kọ́ ló sábà máa ń wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí géèmù ti ń fà, tí fíìmù sì ń dúró lójijì, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé tó wọn, ó tilẹ̀ ń ṣẹ́kù. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni ìlà tó gùn nínú ráútà, níbi tí ìsọfúnni ti ń tò dúró kó tó lọ, tàbí ògiri tó wà láàárín ráútà àti ẹni tó ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí méjèèjì ju ohun tó kù lọ.

Ṣé ráútà tuntun á jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì mi yára sí i?

Ráútà kì í dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, pípín ló ń pín in. Tó bá jẹ́ 50 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) ló ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á fún yín, kò sí ráútà tó lè sọ ọ́ di 60, bó ti wù kó wọ́n tó. Ohun tó lè ṣe ni pé kó gbé gbogbo 50 náà dé yàrá yín láìjẹ́ kó dànù lójú ọ̀nà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tí ẹ ní, kí ẹ wọn ìyára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà, ẹ wọ̀n ọ́n lórí Wi-Fi ní ẹ̀gbẹ́ ráútà, kí ẹ wá tún wọ̀n ọ́n nínú yàrá tí ẹ ti ń gbá géèmù gan-an. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, kí ẹ tún ṣe é lálẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn ti wọlé. Tí ti wáyà pàápàá bá kéré, ìta ni ìṣòro náà ti ń bọ̀, ráútà tuntun ò sì lè wò ó sàn. Tí ti wáyà bá dára, tó wá jẹ́ pé inú yàrá ló ti wó lulẹ̀, ọ̀rọ̀ ráútà nìyẹn, tàbí ti ibi tí ẹ gbé e sí. Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yìí lè fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa lápálápá.

Mbps mélòó ló tó wa nílé?

Ó kéré sí ohun tí ìpolówó ń sọ. 720p, 1080p àti 4K ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ tó, 4K ló mọ́ jù nínú wọn. Netflix ní 3 Mbps tó fún fídíò 720p, 5 Mbps fún 1080p, 15 Mbps fún 4K. YouTube ní kí ẹ ní 20 Mbps fún 4K tiwọn. Tí ẹ bá ń fi tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta wo 4K lẹ́ẹ̀kan náà, 60 Mbps ti ká a.

Géèmù tí ẹ ń bá àwọn ẹlòmíràn gbá kì í sábà lò ju Mbps mélòó kan lọ. Àwòrán kọ́ ló ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó wà níwájú yín ló ń ya àwòrán fúnra rẹ̀. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ni ìròyìn kéékèèké: ibi tí ẹ dúró sí, ibi tí ẹ kọjú sí, bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀. Ibi tí ìyára ti wúlò fún géèmù ni ìgbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Géèmù tó tó 100 GB máa gba wákàtí méjì ó lé díẹ̀ lórí 100 Mbps, torí pé bit ni Mbps ń kà, byte ni GB ń kà, bit mẹ́jọ ló sì wà nínú byte kan.

Géèmù tí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn ń bá yín ṣiṣẹ́ rẹ̀, irú GeForce Now, yàtọ̀ pátápátá. Fídíò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì ń béèrè 15 Mbps fún 720p, 25 Mbps fún 1080p. Ó fẹ́ ìyára bíi ti fíìmù, ó tún fẹ́ kí ìròyìn tètè dé bíi ti géèmù. Lójú tèmi, òun ló le jù nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi Wi-Fi ilé ṣe.

Tí géèmù ò bá jẹ dáta púpọ̀, kí ló wá dé tó fi ń fà?

Géèmù kì í wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, bó ṣe tètè dé ló ń wò. Ping ni wọ́n ń pe àkókò tí ìròyìn fi ń lọ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí eré náà, tó sì fi ń padà wá. Tó bá wà lábẹ́ 50 ms (ms kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), ọ̀pọ̀ géèmù á dùn ún gbá. Tó bá ti kọjá 100 ms, ẹni tó ń gbá géèmù ìbọn tàbí ti bọ́ọ̀lù á mọ̀ ọ́n lára: ẹ ti tẹ bọ́tìnnì, ẹni tí ẹ fẹ́ yìnbọn fún ti kúrò níbẹ̀.

Apá kan ping ò sí lọ́wọ́ ráútà rárá. Nínú okùn fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń sáré ní nǹkan bíi 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sáfà tó wà ní 5,000 kìlómítà sí yín ti jẹ 50 ms ní àlọ àti àbọ̀ kí ohunkóhun tó dá a dúró. Tí géèmù bá jẹ́ kí ẹ yan agbègbè, èyí tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ láti ara sátẹ́láìtì tó wà ní 35,786 kìlómítà lókè: ìdádúró rẹ̀ máa ń kọjá 500 ms, ọwọ́ ráútà kankan ò sì tó o. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń fò nísàlẹ̀, irú ti Starlink tó wà ní nǹkan bíi 550 kìlómítà, ṣeé gbá géèmù lé.

Síbẹ̀, ping tó ga díẹ̀ tó sì dúró sójú kan sàn ju èyí tó ń fò sókè-sódò lọ. Ọwọ́ èèyàn lè kọ́ láti bá 70 ms rìn. Kò sẹ́ni tó lè bá 20, 180, 35, 240 rìn. Ìfòsókè-sódò yìí, àti ìròyìn tó sọnù sójú ọ̀nà tí kò dé rárá, ni ohun tí ráútà lè fà, òun náà sì ni ohun tí ráútà tó dára lè tún ṣe.

Géèmù mi máa ń dára, àfi tí ẹnì kan nínú ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ránṣẹ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí èyí, torí mo ti jìyà rẹ̀. Nílé wa, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, géèmù ọmọ wa ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í há. A pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, wọ́n ní ká gba ètò tó yára jù. A gbà á, a sanwó kún un, kò yàtọ̀. A ra ráútà tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó dà bíi pé ó sàn fún ọjọ́ méjì, ló bá tún padà. Àṣé fóònù ìyá wọn ló wà nídìí rẹ̀. Tó bá ti tibi iṣẹ́ dé, tó so fóònù mọ́ iná, fóònù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo fọ́tò àti fídíò ọjọ́ yẹn lọ sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà jáde tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó ń gbà wọlé lọ. Tí fóònù bá da ẹrù ńlá sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ráútà tàbí módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láti ìta, ò ní kọ ẹrù náà, ṣe ló máa tò ó jọ sórí ìlà. Ìròyìn kékeré tí géèmù fẹ́ fi ránṣẹ́ á dé, á sì bọ́ sẹ́yìn ìlà, bí alùpùpù tó há sẹ́yìn tírélà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tí ẹ bá wọn ìyára, ẹ máa rí i pé ó pé. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀: dídúró lórí ìlà ló pa géèmù, ping á sì ti 30 ms fò lọ sí 400. Bufferbloat ni Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, sọ ìṣòro yìí ní nǹkan bí ọdún 2010. Ní 2012, àwọn onímọ̀ méjì míì, Kathleen Nichols àti Van Jacobson, gbé CoDel jáde, ìyẹn ọgbọ́n kan tí kì í jẹ́ kí ìlà pẹ́ jù. Láti ara rẹ̀ ni fq_codel ti wá, èyí tó wọ ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 8290 ní 2018, ó sì ń yà ìlà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹrù ńlá má baà dí ẹrù kékeré lọ́nà. CAKE ló dé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rọrùn láti ṣètò.

Orúkọ tí ẹ máa rí lórí ọ̀pọ̀ ráútà tó ní àwọn ọgbọ́n yìí ni SQM. Ẹ wọn ìyára tòótọ́ tí ẹ ní, kí ẹ wá ṣètò SQM sí nǹkan bíi 85 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ní wíwọlé àti ní jíjáde. Tí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ọwọ́ ráútà ni ìlà máa wà, kò ní bọ́ sínú módẹ́ẹ̀mù tí ẹ ò lè darí. A fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyára wa sílẹ̀, fóònù ń kó fọ́tò rẹ̀ lọ, ọmọ ń gbá géèmù rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún pariwo mọ́. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, èyí ni kí ẹ mú: kí ẹ tó ra ráútà fún géèmù, ẹ béèrè bóyá ó ní SQM, fq_codel tàbí CAKE, tàbí bóyá ó ṣeé fi OpenWrt, sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ fún ráútà, sí.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ QoS tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín. QoS míì kàn ń ti ẹ̀rọ kan síwájú àwọn yòókù ni, ìlà gígùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé SQM ń lo ọpọlọ ráútà gan-an. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ti kọjá 500 Mbps, ráútà olówó pọ́ọ́kú lè má lè ṣe é láìdín ìyára kù.

Wi-Fi 5, 6, 6E, 7: èwo nínú wọn?

Wi-Fi 6 tó ọ̀pọ̀ ilé. Ìdáhùn mi nìyẹn, ẹ gbọ́ àlàyé rẹ̀.

Ṣáájú 2018, orúkọ bíi 802.11ac àti 802.11ax ni wọ́n ń lò, tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn ni Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ Wi-Fi, sọ wọ́n di nọ́ńbà. Wi-Fi 5 ni 802.11ac. Wi-Fi 6 ni 802.11ax, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ní in ní 2019. Ohun tó mú wá tó ṣe géèmù láǹfààní ni OFDMA. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo ìkànnì, ìyẹn ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà nínú afẹ́fẹ́, nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kódà bó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló ní í sọ. OFDMA ń gé ìkànnì sí wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rọ bíi mélòó kan lè sọ ọ̀rọ̀ kéékèèké wọn pa pọ̀. Ilé tí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà ti pọ̀ ló máa ń rí èrè rẹ̀ jù.

Wi-Fi 6E ni Wi-Fi 6 tí wọ́n fún ní ìgbì 6 GHz kún 2.4 àti 5 GHz tí Wi-Fi ti ń lò tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ò lè dé. Tí ẹ bá ń gbé ilé alájà tí Wi-Fi àwọn aládùúgbò kún gbogbo atẹ́gùn, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ tó owó tí ẹ máa san. Wi-Fi 7 dé pẹ̀lú ìfọwọ́sí ní oṣù Kìíní 2024. Ó ní MLO, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lo ìgbì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ ka ara páálí dáadáa, torí ráútà Wi-Fi 7 míì wà tí kò ní 6 GHz rárá.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbá géèmù náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí ráútà ń sọ. PS4 àkọ́kọ́ ò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ. Wi-Fi 5 ni Xbox Series X ní, Wi-Fi 6 ni PS5, Wi-Fi 7 ni PS5 Pro. Ẹni tí ẹ̀rọ tó ní kò ju Wi-Fi 5 lọ, tó wá ra ráútà Wi-Fi 7 torí géèmù nìkan, ti ra ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò lè lò.

Kí ni AX3000, AX5400 tí wọ́n ń kọ sí i?

Àròpọ̀ ni. Nínú AX3000, 574 Mbps wà lórí 2.4 GHz, 2402 Mbps wà lórí 5 GHz. Wọ́n pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di 3000. Fóònù tàbí ẹ̀rọ géèmù yín sábà máa ń wà lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, inú ilé gidi tó ní ògiri sì ni yóò ti lò ó, nítorí náà kò ní rí nọ́ńbà yẹn láé. Mi ò kì í fi nọ́ńbà yìí yan ráútà.

2.4 GHz tàbí 5 GHz?

5 GHz fún géèmù àti fíìmù, tàbí 6 GHz tí ẹ bá ní in. 2.4 GHz máa ń ráyè kọjá ògiri, ó sì ń dé ọ̀nà jíjìn, àmọ́ èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ìkànnì mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kì í kan ara wọn. Bluetooth wà níbẹ̀, ẹ̀rọ máíkíróweéfù náà ń pariwo sí i nígbà tó bá ń gbóúnjẹ kaná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún gílóòbù, kámẹ́rà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó jìnnà.

Nǹkan kan wà lórí 5 GHz tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àwọn ìkànnì kan níbẹ̀, láti 52 sí 144, ni wọ́n ń bá rádà pín. Tí ráútà bá gbọ́ rádà lórí wọn, òfin ní kó kúrò lójú ẹsẹ̀, ìgbà yẹn sì ni géèmù yín máa já lójijì láìsí àlàyé. Tí ẹ bá ń gbé nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, ẹ fọwọ́ yan ìkànnì 36 sí 48.

Ráútà lè so àwọn ìgbì wọ̀nyí pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó lè ti ẹ̀rọ géèmù yín sí 2.4 láìsọ fún yín. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi ń sọ tèmi.

Níbo ni kí n gbé e sí?

Wọn kì í sábà bi mí ní èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àtúnṣe tí kò gba kọ́bọ̀ wà. Ibi tí wáyà ti wọlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ráútà sí: ní igun ilé, lórí ilẹ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ojú má baà rí i. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò dára. Tó bá wà ní igun, ìdajì ìgbì rẹ̀ ń lọ síta fún àwọn tó ń kọjá. Tẹlifíṣọ̀n ní páànù irin lẹ́yìn, irin sì ń dá ìgbì padà. Dígí ìwojú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí irin tí wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀. Omi ń gbé ìgbì mì, nítorí náà ẹ má fi àpótí dígí tí wọ́n ń sin ẹja sí tàbí táńkì omi sáàárín ráútà àti ibi tí ẹ ti ń gbá géèmù. Ògiri pátákó kì í ṣe é ní nǹkan púpọ̀. Kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ lè pa 5 GHz kú pátápátá.

Ẹ gbé e sí àárín ilé, kó ga tó èjìká tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí ibi gbangba. Tí wáyà ò bá gùn tó, ẹ ra wáyà tó gùn. Wáyà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà tuntun. Ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà ni ìgbì ti ń jáde, kì í ṣe láti ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ṣánṣán tí ilé yín ò bá ní òkè. Tó bá ní òkè, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀. Mo ti rí yàrá tó ti 12 Mbps lọ sí 140 kìkì nítorí pé wọ́n gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n sórí pẹpẹ ìwé.

Ṣé iye áńtẹ́nà ṣe pàtàkì?

Kò tó bí ẹ ṣe rò. Áńtẹ́nà inú tí ojú ò rí lè ṣiṣẹ́ bákan náà, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ bí agbára ìgbì ṣe lè pọ̀ tó, kì í ṣe iye ọ̀pá tó dúró lórí ráútà.

Ṣé wáyà ṣì wúlò?

Ó wúlò jù. Wáyà kan látara ráútà sí ẹ̀rọ géèmù máa ṣe yín lóore ju Wi-Fi tó wọ́n jù lọ. Lórí Wi-Fi, ẹ̀rọ ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ariwo aládùúgbò ń dí wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó sọnù ni wọ́n á tún sọ. Lórí wáyà, ẹ̀rọ yín dá ní ọ̀nà tirẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Okùn Cat5e tó, ó ń gbé 1 Gbps dé 100 mítà.

Ẹ so tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ ọn tó bá wà nítòsí. Ihò wáyà ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ò ju 100 Mbps lọ, ẹlòmíì sì máa ń bínú sí i, ṣùgbọ́n 4K tó ń béèrè 15 tàbí 20 Mbps ò ní mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ ẹ̀rọ kan kúrò lórí Wi-Fi, ẹ ti fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ibi tí wáyà ò bá ti lè kọjá, àmọ́ tí okùn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wà nínú ògiri, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní MoCA lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú okùn yẹn, ó sì dára gan-an. Èyí tó ń gba inú wáyà iná ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó bẹ́ẹ̀. Iná ilé kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bó ṣe máa rí.

Ilé wa tóbi. Ṣé kí n ra mesh ni àbí ẹ̀rọ tó ń na Wi-Fi gùn?

Ẹ̀rọ tó ń na Wi-Fi gùn máa ń gba ọ̀rọ̀, á sì tún un sọ lórí ìkànnì kan náà, nítorí náà nǹkan bí ìdajì ìyára máa ń lọ níbẹ̀. Ó tó fún kámẹ́rà ọgbà. Mi ò ní fi géèmù lé e lórí.

Mesh, ìyẹn ẹ̀rọ bíi mélòó kan tó ń pín Wi-Fi kan náà káàkiri ilé, sàn jù, pàápàá èyí tó ní ìgbì kẹta tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá fò láti ẹ̀rọ kan sí èkejì nínú afẹ́fẹ́ ni ìdádúró ń kún un. Tí ẹ bá lè fi wáyà so àwọn ẹ̀rọ mesh pọ̀, ìṣòro yẹn tán. Ẹ má sì rà ju ohun tí ẹ nílò lọ: mẹ́ta nínú ilé kékeré lè máa dí ara wọn lọ́wọ́, kí fóònù máa ṣíwọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn láìnídìí.

Ṣé ráútà tí wọ́n pè ní ti géèmù yàtọ̀ lóòótọ́?

Àwọn kan yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò yàtọ̀. Iná aláràbarà àti ìrísí rẹ̀ ò lè dín ping kù. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ó ní SQM tó ń ṣiṣẹ́, bóyá ọpọlọ rẹ̀ lágbára, àti iye ọdún tí àwọn tó ṣe é fi ń tún sọ́fítíwia rẹ̀ ṣe. Ihò 2.5 Gbps wúlò tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ju 1 Gbps lọ.

Ẹ̀rọ géèmù mi sọ pé NAT mi le. Ṣé ráútà ló fà á?

Ó ṣeé ṣe. NAT ni bí ráútà ṣe ń kó gbogbo ẹ̀rọ ilé sábẹ́ àdírẹ́sì kan; tó bá le, ó máa ń ṣòro fún àwọn tó wà níta láti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá UPnP, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù fúnra rẹ̀ ní kí ráútà ṣí ọ̀nà fún òun, wà ní títan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá ráútà méjì lẹ ní láìmọ̀: èyí tí wọ́n fún yín pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì àti èyí tí ẹ rà. Tí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ ráútà, àwọn tí ẹ fẹ́ bá gbá géèmù ò ní rí yín dáadáa, ohùn yín ò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sọ èyí tí wọ́n fún yín di módẹ́ẹ̀mù lásán, ètò tí wọ́n ń pè ní bridge mode, kí tiyín nìkan máa ṣe ráútà.

Tí àdírẹ́sì tó wà lójú ráútà yín níbi tó ti ń bá ìta sọ̀rọ̀ bá wà láàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ti kó yín pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ráútà ò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè fún yín ní àdírẹ́sì tiyín tàbí IPv6, ìyẹn irú àdírẹ́sì tuntun tó pọ̀ tó gbogbo ẹ̀rọ.

Ààbò ńkọ́?

Nínú àwọn ètò tó ń dáàbò bo Wi-Fi, WPA3 ni kí ẹ wá, tàbí ó kéré tán WPA2. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ráútà bá dé pa dà lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u. Mirai, sọ́fítíwia aṣèbàjẹ́ tó da íntánẹ́ẹ̀tì rú ní 2016, kì í ṣe àrà kankan ju pé ó ń gbìyànjú àwọn ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí àwọn kámẹ́rà àti ráútà bá kúrò nílé-iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì yí pa dà. Ẹ má fi owó gidi ra ráútà tí kì í gba àtúnṣe sọ́fítíwia mọ́, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ àlòkù.

Mo ti rà á dé. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dára kí ọjọ́ ìdápadà tó pé?

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì dán an wò lálẹ́ tí ilé kún. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n kan máa wo 4K, kí fóònù kan máa fi fídíò gígùn ránṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà kan máa gba fáìlì ńlá. Lákòókò kan náà, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti ń gbá géèmù, ẹ ṣí ping sí àdírẹ́sì kan tó sún mọ́ yín, kó máa lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wo nọ́ńbà tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù, àti iye tó sọnù.

Ká ní 25 ms ni tẹ́lẹ̀, tó wá wà láàárín 25 sí 45 nínú gbogbo ariwo yẹn, tí ọ̀kankan ò sì sọnù, ẹ ju páálí rẹ̀ nù. Tó bá ń fò lọ sí 200, ẹ tan SQM, ẹ tún un wò. Tó bá ṣì ń fò, ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ náà, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: tó bá fara balẹ̀ lórí wáyà, ẹ wá ibòmíràn gbé ráútà sí kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Tó bá ń fò lórí wáyà pẹ̀lú SQM ní títan, ẹ fi módẹ́ẹ̀mù nìkan wò ó láìsí ráútà láàárín. Tí ti módẹ́ẹ̀mù bá fara balẹ̀, ẹ dá ráútà padà.